Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Ilé Amọ̀ ní Ilẹ̀ Òtútù Kí Òfin sì Fọwọ́ Sí I

Ní agbègbè Devon, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé amọ̀ ló wà tí àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú wọn. Ọ̀kan lára wọn ni Hayes Barton, nítòsí abúlé East Budleigh, níbi tí wọ́n bí Walter Raleigh, arìnrìn-àjò orí òkun ayé àtijọ́, sí ní nǹkan bí ọdún 1552. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, koríko ni òrùlé rẹ̀. Cob ni wọ́n ń pe irú ògiri bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, bí wọ́n sì ṣe ń mọ ọ́n kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá tó bá bá àwọn àgbà mọlé rí: wọn a gbẹ́ erùpẹ̀, wọn a bu omi sí i, wọn a fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọn a mọ ìpele kan yí ilé ká, wọn a jẹ́ kó gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ohun tí tiwọn fi yàtọ̀ ni pòròpórò àlìkámà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn, àti bí ògiri wọn ṣe nípọn tó: sẹ̀ǹtímítà 60, nígbà míì kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé Gẹ̀ẹ́sì ló gbà pé òfin ilé kíkọ́ òde òní kò lè fàyè gba irú ilé yìí mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin kò kọ amọ̀. Ẹ̀rí ló ń béèrè: ẹ̀rí pé ilé ò ní wó, pé omi ò ní wọ ara ògiri, pé ooru inú ilé ò ní máa jò dànù. Èyí tó le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ti ooru, òun ni mo sì máa dúró lé lórí jù. Ẹni tó bá ti yanjú ọ̀rọ̀ ooru lórí ìwé kó tó gbé ṣọ́bìrì, iṣẹ́ tó kù á máa lọ ní ìrọ̀rùn.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni mò ń sọ níbí. Wales, Scotland àti Northern Ireland ní tiwọn. Ẹ máa wo ìwé òfin tó wà lóde lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń tún un ṣe.

1. Ẹ gba ìwé méjèèjì kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀

Ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àwọn èèyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni planning permission, tí káńsù ń fún ni. Òun ló ń sọ bóyá ilé lè wà lórí ilẹ̀ yẹn rárá, bó ṣe máa ga tó, àti bó ṣe máa rí lójú. Èkejì ni Building Regulations, tó ń bójú tó agbára ilé, iná, ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ àti ooru. Ẹni tó gba èkíní tí kò gba èkejì kò tíì lè kọ́lé.

Ọ̀nà méjì ló wà láti gba èkejì. Ọ̀kan ni building notice: ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, olùbẹ̀wò á sì máa wá wo iṣẹ́ bí ó ṣe ń lọ. Ìyẹn lè tó fún iṣẹ́ kékeré onísìmẹ́ńtì. Fún ilé amọ̀, ẹ má gba ibẹ̀. Full plans ni kí ẹ gbà: ẹ kó gbogbo àwòrán àti ìṣirò sílẹ̀, káńsù sì gbọ́dọ̀ dá yín lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ 5, tàbí oṣù 2 bí ẹ bá jọ fohùn ṣọ̀kan bẹ́ẹ̀. Bí àríyànjiyàn kankan bá máa wà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ lórí ìwé. Ìwé ṣeé yí padà lọ́sàn-án kan. Ògiri tó ti ga dé àyà kò ṣeé yí.

Kí ẹ tó kó ìwé náà sílẹ̀ rárá, ẹ ní kí wọ́n fún yín láyè láti jókòó bá olùbẹ̀wò náà sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kó má tíì fọwọ́ sí ilé amọ̀ tuntun kankan rí, ẹ má sì jẹ́ kí ìyẹn bí yín nínú. Ẹ mú Regulation 7, ìyẹn ìlànà keje nínú Building Regulations, dání. Ohun tó sọ ni pé kí ohun èlò bá iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe mu, kí iṣẹ́ ọwọ́ náà sì dára. Ìwé àlàyé tó bá a rìn to àwọn ọ̀nà tí èèyàn fi lè fi èyí hàn: ìlànà British Standards, àyẹ̀wò àti ìṣirò, àti ìrírí àtẹ̀yìnwá, ìyẹn ni pé ohun èlò kan náà ti wà lára ilé kan tó ti pẹ́ tó sì ń ṣe dáadáa. Ibẹ̀ ni àwọn ilé àtijọ́ Devon ti ń jẹ́rìí fún yín. Ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ kọ ọjọ́ orí wọn sí i, ẹ fi kún ìwé yín.

Bí káńsù yín bá jẹ́ èyí tó ń gba owó CIL (Community Infrastructure Levy, owó tí káńsù fi ń ṣe ohun amáyédẹrùn àdúgbò) lórí ilé tuntun, ẹni tó ń kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ máa gbé lè bọ́ lọ́wọ́ owó náà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti gba ìdáǹdè yẹn, kó sì ti fi Commencement Notice (ìwé tó ń sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀) ránṣẹ́, kí ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ tó wọlẹ̀. Ẹni tó bá ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ kó tó fi ìwé yìí ránṣẹ́ ti gbé owó ńlá sọnù.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà: ìwé òfin ilé gbígbé tí wọ́n ń pè ní IRC (International Residential Code), ti ọdún 2021, ní àfikún kan, Appendix AU, tó dá lórí cob. Àfikún kì í ṣe òfin àfi níbi tí ìpínlẹ̀ tàbí ìlú yín bá ti gbà á wọlé, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè. Ní Kánádà, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní alternative solution ni ẹ máa gbà, ìyẹn ni kí ẹ fi hàn pé ilé yín ṣe dáadáa tó èyí tí òfin là sílẹ̀.

2. Ẹ ṣe ìṣirò ooru kí ẹ tó pinnu bí ògiri ṣe máa nípọn tó

Ohun tí wọ́n fi ń wọn ògiri ni U-value: iye ooru tó ń gba inú ògiri tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì ga ní mítà kan jáde, fún gbogbo dígíríì kan tí inú ilé bá fi gbóná ju ìta lọ. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Approved Document L ti ọdún 2021, ìwé ìlànà ìjọba lórí ooru ilé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2022, sọ pé ògiri ilé tuntun kò gbọ́dọ̀ kọjá 0.26, òrùlé kò gbọ́dọ̀ kọjá 0.16, ilẹ̀ ilé kò gbọ́dọ̀ kọjá 0.18, fèrèsé kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 1.6. Òpin pátápátá nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa fi SAP, ìṣirò tí ìjọba là sílẹ̀ fún agbára tí ilé ń lò, gbé gbogbo ilé yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àpẹẹrẹ kan tí ògiri rẹ̀ jẹ́ 0.18. Bí U-value ògiri yín bá ju tirẹ̀ lọ, òrùlé, fèrèsé àti ẹ̀rọ amúlégbóná yín gbọ́dọ̀ dí àlàfo náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà, nítorí kò le. Ẹ mú bí ògiri ṣe nípọn tó ní mítà, ẹ fi iye tí amọ̀ fi ń gbé ooru kọjá pín in. Ẹ fi 0.17 kún un fún afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri nínú àti níta. Ẹ wá fi ohun tí ẹ bá rí pín 1. Ká fi 0.6 ṣe àpẹẹrẹ iye tí amọ̀ fi ń gbé ooru kọjá. Ògiri sẹ̀ǹtímítà 60: 0.6 ní 0.6 jẹ́ 1, fi 0.17 kún un, ó di 1.17, pín 1 pẹ̀lú rẹ̀, U-value jẹ́ 0.85. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí òfin gbà lọ. Ẹ jẹ́ ká mú kí ògiri nípọn tó mítà kan odindi: 0.54 la máa bá. Kí amọ̀ nìkan tó dé ibẹ̀, ògiri gbọ́dọ̀ nípọn ju mítà 2 lọ, ìyẹn kò sì bọ́gbọ́n mu.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Amọ̀ wúwo. Ó dára fún gbígbé ẹrù àti fún títọ́jú ooru sínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dá ooru dúró. Ohun tó ń dá ooru dúró ni afẹ́fẹ́ tó há sínú nǹkan fúyẹ́fúyẹ́. Nítorí náà, ẹ pín iṣẹ́ ògiri sí méjì. Ní ọdún 2017 ni University of Plymouth àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ní Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èyí nínú ètò tí wọ́n ń pè ní CobBauge: ìpele amọ̀ tó wúwo tó ń gbé ilé, àti ìpele amọ̀ fúyẹ́ tó kún fún igi hemp (ohun ọ̀gbìn kan tí igi inú rẹ̀ fúyẹ́) tàbí esùsú tó ń dènà òtútù, tí wọ́n jọ mọ papọ̀ kí wọ́n lè di ara kan. Wọ́n ti fi kọ́ ilé àpẹẹrẹ sínú ọgbà yunifásítì náà ní Plymouth.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí ìṣirò wa. Amọ̀ wíwúwo sẹ̀ǹtímítà 30: 0.3 ní 0.6 jẹ́ 0.5. Amọ̀ fúyẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35, tí tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.1: 0.35 ní 0.1 jẹ́ 3.5. Fi 0.17 kún un, àpapọ̀ jẹ́ 4.17, U-value jẹ́ 0.24. Ó wọlé. Bí ẹ bá mú kí apá fúyẹ́ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 45, ó di 0.19. Erùpẹ̀ kan náà, ilẹ̀ kan náà. Iye tí àyẹ̀wò bá fún àdàlú tiyín gan-an ni kí ẹ kó fún ẹni tó ń ṣe ìṣirò SAP, ẹ má ṣe fún un ní èyí tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìhà wo ni kí apá fúyẹ́ wà? Níta ni mo gbà yín nímọ̀ràn. Bí amọ̀ wíwúwo bá wà nínú, ooru tí ẹ bá dá lọ́sàn-án á wọ inú rẹ̀, á sì máa padà jáde sí yàrá lóru. Bó bá wà níta, òtútù ló máa kó sínú.

3. Ẹ dán erùpẹ̀ wò

Erùpẹ̀ dúdú òkè tí gbòǹgbò kún inú rẹ̀, ẹ kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọgbà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni a ń wá. Kí amọ̀ gidi inú rẹ̀ wà láàárín ìpín 15 sí 25 nínú 100, kí ìyókù jẹ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́.

Ẹ bù ú sínú ìgò dé ìdajì, ẹ pọn omi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀. Yanrìn á kọ́kọ́ sùn lọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, erùpẹ̀ kúnná á tẹ̀ lé e, amọ̀ á sì gbẹ̀yìn ní ọjọ́ kejì. Àyẹ̀wò kejì lọ́wọ́ ni: ẹ fi omi pò ó, ẹ yí i gígùn kó nípọn tó àtàǹpàkò, ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀ kúrò létí tábìlì. Bó bá já kó tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, amọ̀ inú rẹ̀ kéré. Bó bá já láàárín 5 sí 15, ó dára. Bó bá kọjá 15, amọ̀ ti pọ̀ jù, ògiri á máa là. Ẹ fi yanrìn tó ní igun àti òkúta wẹ́wẹ́ kún un.

Àyẹ̀wò tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí ẹ mọ ògiri kékeré kan gan-an, kó ga dé orókún, kó nípọn tó ògiri tí ẹ fẹ́ kọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ibi tó bá là sí, bó ṣe sún kì tó, bó ṣe pẹ́ tó kó tó gbẹ ní ojú ọjọ́ àdúgbò yín: kò sí ìgò tó lè sọ èyí fún yín. Olùbẹ̀wò pẹ̀lú lè wá fọwọ́ kàn án.

4. Ẹ̀rí agbára

Ẹ wá ẹnjiníà tó mọ erùpẹ̀. Ẹ mọ àpẹẹrẹ àdàlú yín sínú àpótí kékeré, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán, kí ilé àyẹ̀wò sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Cob tó dára máa ń gbé tó 0.6 sí 1 N/mm², ìyẹn níútọ́ọ̀nù lórí mìlímítà kan níbùú lóròó. Ògiri tó ga ní mítà 5, tó wúwo tó kílò 1,700 ní mítà onígun kan (mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga), nǹkan bí 0.08 ni ìwúwo ara rẹ̀ ń tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnjiníà á fi ti àjà àti òrùlé kún un. Àyè ṣì wà dáadáa, òun á sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni Building Control, ìyẹn àwọn olùbẹ̀wò ilé, ń dúró dè. Ẹ rántí pé apá wíwúwo nìkan ló ń gbé ilé. Apá fúyẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù kankan.

5. Ìpìlẹ̀ àti ẹsẹ̀ ògiri

Àwọn ará Devon máa ń sọ pé ohun tí cob nílò kò ju fìlà tó dára àti bàtà tó dára lọ. Òrùlé ni fìlà, ẹsẹ̀ ògiri ni bàtà.

Jíjìn ìpìlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 45 nítorí ìrì dídì, bó bá sì jẹ́ ilẹ̀ amọ̀, ó kéré tán kó jìn tó 75. Bí igi ńlá bá wà nítòsí, ẹnjiníà á ní kó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ibi tí òtútù ti le gan-an, irú gúúsù Ontario, mítà 1.2 ló wọ́pọ̀.

Lórí ìpìlẹ̀, ẹ fi òkúta tàbí bíríkì mọ ẹsẹ̀ ògiri kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60 lókè ilẹ̀. Òfin béèrè pé kí ohun tó ń dá ọ̀rinrin ilẹ̀ dúró wà ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 lókè ilẹ̀, ṣùgbọ́n òjò Devon máa ń ta lu ilẹ̀ kó tún ta padà sára ògiri, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ 45. Òkúta ń gbé òtútù wọlé, nítorí náà ẹ ti ohun adènà òtútù tí omi kì í bàjẹ́ sí àárín rẹ̀, irú gíláàsì tí wọ́n sun tó wú. Kó bá apá fúyẹ́ tó wà lókè rẹ̀ dọ́gba, kó sì bá ti abẹ́ ilẹ̀ ilé pàdé. Ibi tí kò bá ti pàdé ni òtútù máa gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ọ̀rinrin inú ilé máa sùn sí, á sì bu. Ẹ gbẹ́ kòtò olókúta wẹ́wẹ́ yí ilé ká kí omi máa rí ibi gbà lọ.

6. Pípo amọ̀ àti mímọ ògiri

Àkókò ni ohun àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí ògiri sì parí kí oṣù kẹjọ tó tán. Ògiri tútù tí ìrì dídì bá bá, omi inú rẹ̀ á dì, á wú, ara ògiri á sì máa bọ́ ní ìpele ìpele.

Fún apá wíwúwo, ẹ fi bíi kílò 20 pòròpórò gbígbẹ sí tọ́ọ̀nù erùpẹ̀ kan. Ẹ tẹ́ erùpẹ̀ sílẹ̀ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fọ́n pòròpórò lé e, kí katapílà kékeré máa gùn ún lọ gùn ún bọ̀; ẹ dà á kọ, ẹ tún jẹ́ kó gùn ún. Ẹ má wo àsìkò, ara àdàlú náà ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá fi fọ́ọ̀kì oko gbé e, kó bá fọ́ọ̀kì wá ní odindi, kí pòròpórò máa fà á lẹ́yìn. Ẹ mú ìwọ̀n ẹ̀kún ọwọ́ méjì, ẹ rọ ọ́ róbótó, ẹ jù ú sílẹ̀ láti ìbàdí. Bó bá fọ́, kò tíì gba omi tó. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ti pọ̀. Kó rọ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ láìlà ni a ń fẹ́.

Fún apá fúyẹ́, amọ̀ nìkan ni ẹ máa pò mọ́ omi, kí ẹ sẹ́ òkúta inú rẹ̀ kúrò, kó ki bí ògì tó ṣeé mu. Ẹ da igi inú hemp tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ẹ yí i títí gbogbo ègé rẹ̀ á fi ní amọ̀ lára. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó lẹ̀ mọ́ra, kí omi má kán jáde. Ẹni tó bá fi amọ̀ púpọ̀ sí i kó lè le ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń dènà òtútù, amọ̀ tó bá sì dí àyè afẹ́fẹ́ náà á gbé òtútù wọlé.

Ẹ gbé pákó dúró lápá méjèèjì, kí àárín wọn jẹ́ bí ògiri ṣe máa nípọn tó. Ẹ fi pákó kan pín àárín, ẹ kó amọ̀ wíwúwo sí ìhà inú, amọ̀ fúyẹ́ sí ìhà ìta, ẹ fa pákó àárín yọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń kún un, kí méjèèjì wọnú ara wọn nígbà tí wọ́n ṣì tútù. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ apá wíwúwo dáadáa, pàápàá létí. Apá fúyẹ́, ẹ kàn fi igi rọra kì í. Ìpele kan kò gbọ́dọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Nígbà tó bá ti gbẹ dé ibi tí ìka kò lè wọlé mọ́ àmọ́ tí ṣọ́bìrì ṣì lè gé e, ẹ gé ara rẹ̀ kó dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta ni ẹ máa dúró kí ìpele kejì tó gùn ún, bójú ọjọ́ bá ṣe rí. Ní gbogbo alẹ́, tapólì lórí ògiri. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní ṣíṣí kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

7. Fèrèsé, òrùlé àti afẹ́fẹ́

Ògiri amọ̀ máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè gbogbo férémù, kí ẹ dí i nígbà tí ògiri bá ti jókòó. Kí igi orí fèrèsé wọ inú ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 30 lápá kọ̀ọ̀kan. Apá fúyẹ́ ni kí fèrèsé bá dọ́gba, kó má sún wọ inú amọ̀ wíwúwo.

Òrùlé gbọ́dọ̀ jókòó lórí igi gbọọrọ tó pín ẹrù kárí apá wíwúwo, kí àwọn igi rẹ̀ sì so mọ́ra wọn lápá méjèèjì kí wọ́n má baà máa ti ògiri síta. Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé yọ jáde tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60 kọjá ojú ògiri. Ohun adènà òtútù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 40 nínú àjà á gbé yín sún mọ́ 0.11 tí òrùlé ilé àpẹẹrẹ SAP ní.

Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀: gbogbo ilé tuntun ni wọ́n máa fi ẹ̀rọ dán wò bóyá afẹ́fẹ́ ń jò. Òpin rẹ̀ jẹ́ 8 mítà onígun ní wákàtí kan fún mítà kan níbùú lóròó kọ̀ọ̀kan lára ilé nígbà tí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 50 pascal. Ilé àpẹẹrẹ jẹ́ 5. Ara ògiri amọ̀ fúnra rẹ̀ kì í sábà jò. Etí fèrèsé, ibi tí ògiri ti kan àjà, ẹ̀yìn ihò iná àti ibi tí páìpù gbà kọjá ló ń jò. Ẹ rẹ́ ẹ̀yìn gbogbo wọn kí ẹ tó bò ó. Ẹ tún máa ya fọ́tò bí ẹ ṣe ń dí ibi kọ̀ọ̀kan, ní ìpìlẹ̀, lára ògiri, létí fèrèsé, lókè àjà: òfin ọdún 2021 béèrè fọ́tò yìí lẹ́yìn iṣẹ́, ẹni tí kò bá yà á kó tó rẹ́ ògiri kò ní rí i yà mọ́.

Nígbà tí ilé bá ti dí báyìí, afẹ́fẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà wọlé. Approved Document F ló wà fún ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń se ọbẹ̀ lórí iná pẹ́, ẹ má fi fáànù ilé ìdáná ṣeré.

8. Gbígbẹ àti rírẹ́

Ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ní Devon, ọ̀pọ̀ ilé amọ̀ tó dúró fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ló wó lẹ́yìn tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ara wọn. Sìmẹ́ńtì máa ń là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òjò á gba ojú ibi tó là wọlé, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀rinrin náà jáde mọ́. Omi á máa rọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ògiri láti inú, níbi tí ẹrù ti pọ̀ jù, títí amọ̀ ibẹ̀ á fi rọ̀ padà. Lójú, ògiri náà ṣì funfun, ó sì dán. Bí bíríkìlà yín bá ń fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé díẹ̀ ni òun máa fi sí i, ẹ wá ẹlòmíràn.

Láìmù, ìyẹn ẹfun tí wọ́n ń sun láti ara òkúta, ni wọ́n fi ń rẹ́ ìta, ní ìpele mẹ́ta tínrín, pẹ̀lú yanrìn tó ní igun. Kì í gbà bí ojú ọjọ́ bá kéré sí dígíríì 5, ìrì dídì sì máa ń bà á jẹ́ nígbà tó bá ṣì tuntun. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ògiri tí ẹ mọ ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ni ẹ máa rẹ́ ìta rẹ̀. Ní ìgbà òtútù àárín wọn, òrùlé ti gbọ́dọ̀ wà lórí, kí ẹ sì fi aṣọ ìkọ́lé tó ń mí bo ìhà tí òjò ti máa ń fẹ́ wá. Ní ìhà yẹn gan-an, mo fara mọ́ kí ẹ kan pákó bo ara ògiri títí láé, kí àlàfo afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má kánjú mú un gbẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ ooru gbígbóná. Ojú rẹ̀ á gbẹ, inú á tutù, á sì là. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gba inú ilé já. Apá fúyẹ́ ni kí ẹ máa ṣọ́ jù, nítorí igi tó wà nínú rẹ̀ lè bu bó bá pẹ́ jù ní tútù. Ẹ lu ihò kékeré, ẹ ti ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin bọ inú rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lóṣooṣù. Ìgbà tí nọ́ńbà kò bá lọ sílẹ̀ mọ́ ni kí ẹ rẹ́ ẹ. Nínú ilé, amọ̀ tí a sẹ́ pẹ̀lú yanrìn ló dára jù fún rírẹ́.

9. Ìwé ìparí àti owó

Ẹ má kó wọlé láìgba completion certificate. Òun ni bánkì, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò àti ẹni tó bá fẹ́ ra ilé lọ́jọ́ iwájú máa béèrè. Láti ọjọ́ tí ilé bá parí, oṣù 6 ni ẹ ní láti béèrè kí ìjọba dá owó VAT orí àwọn ohun èlò padà fún yín, nítorí náà ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì láti ọjọ́ kìíní. Ní ti yíyá owó, ọ̀pọ̀ bánkì ńlá máa ń sá fún ilé amọ̀. Ecology Building Society, tó wà ní Yorkshire, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń yáni lówó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra ilẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ń gbé inú rẹ̀, ẹ máa fi omi láìmù kun ìta ní ọdún díẹ̀ díẹ̀, ẹ máa kó ewé kúrò nínú gọ́tà òrùlé, kí ẹ sì máa wo ìsàlẹ̀ ògiri. Àwọn èèyàn a máa kó erùpẹ̀ ọgbà jọ síbẹ̀ láti gbin òdòdó, ilẹ̀ á máa ga sí i lọ́dọọdún títí á fi ga kọjá ẹsẹ̀ ògiri, láìsí ẹni tó fura. Ẹ gbin òdòdó yín sí ibòmíràn, kí ó kéré tán mítà kan olókúta wẹ́wẹ́ wà láàárín ọgbà àti ògiri.